Ìran àkọ́kọ́ nínú fíìmù mi ò wọlé: báwo ni mo ṣe máa fi ìyá aláró kan hàn láìjẹ́ pé aládùúgbò ló ń ròyìn rẹ̀?

Ọmọ Ìtọ́kú béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Mo ń kọ fíìmù kékeré kan, kò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì la fẹ́ yà á níbí ní Abẹ́òkúta tí òjò bá ti dá. Owó ọwọ́ wa ò lè gba kámẹ́rà ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ìyá kan tó ń pa aṣọ láró ní Ìtọ́kú ni ìtàn náà dá lé. Ojú ìyá yìí ti ń ṣú, kò sì tíì sọ fún ẹnì kankan. Tí àwọn oníbàárà bá gbọ́ pé aláró ò ríran dáadáa mọ́, ta ni yóò tún gbé aṣọ wá? Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ìyá mi àgbà ni mo ń rò tí mo fi kọ ọ́. Tiwọn kì í ṣe aró, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń tà ní Kútọ̀. Ojú wọn ṣú bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi pa mọ́ fún gbogbo wa. Ọjọ́ tí mo fura ni ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní ẹgbẹ̀rún kan náírà pé kí n fi igba náírà yẹn ra búrẹ́dì wá. Mo wo owó, mo wo ojú wọn, mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ti kú báyìí. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí fíìmù yìí dáa nìyẹn.

Bí mo ṣe kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rèé. Dróònù gbéra lórí Olúmọ, ó fò kọjá lórí àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ mọ́. Ìyá jí, ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó gbàdúrà, ó rin orín. Aládùúgbò kan yọjú: “Ìyá Aláró, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Láti ọdún mẹ́fà tí bàbá ti kú, ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá iṣẹ́ aró yìí ṣe, ẹ tún ń tọ́ ọmọ tí ọmọ yín tó wà l’Ékòó gbé tì yín. Ojú tó ń dùn yín yẹn ńkọ́?”

Mo kà á fún ọ̀rẹ́ mi tó máa gbé kámẹ́rà. Kò sọ pé kò dáa. Ó kàn bi mí pé, “Ta ni aládùúgbò yẹn ń bá sọ̀rọ̀?” Mo ní ìyá ni. Ó ní rárá o, pé ìyá kúkú mọ gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀, àwa òǹwòran ló ń bá sọ̀rọ̀. Àtọjọ́ náà ni mi ò ti rí oorun sùn dáadáa.

Kí ni kí n kọ́kọ́ fi hàn? Tí mo bá sì yọ Olúmọ kúrò, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé Abẹ́òkúta la wà?

Bàbá Kámẹ́rà, Láfẹ́ńwá:

Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, má fi sílẹ̀ o. Òun ni kó máa bá ọ ka gbogbo ohun tó o bá kọ.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Láyé ìgbà tí fídíò ń kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sínú síídì, wọ́n pè mí sí eré kan tí wọ́n yà nílùú yìí. Èmi ni mo gbé kámẹ́rà, èmi náà ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà tí mo to àwòrán pọ̀. Kò sí dróònù nígbà náà. Mo gun Olúmọ ní kùtùkùtù tèmi ti kámẹ́rà ńlá léjìká. Mo ya òrùlé, mo ya odò Ògùn, mo ya oòrùn bó ṣe ń yọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ni mo kó ìyẹn jọ sí níwájú eré, mo fi orin sí i. Inú mi dùn sí i gan-an.

Nígbà tí a pe àwọn èèyàn jọ sí gbọ̀ngàn kan kí wọ́n wá wò ó, ẹ̀yìn pátápátá ni mo dúró sí. Olúmọ yọ lójú ògiri, àwọn èèyàn ń kí ara wọn. Ẹnì kan ń bá oníẹ̀pà fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Kò sẹ́ni tó wò ó. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ wò ó? Olúmọ náà ni wọ́n ń rí látìgbà tí wọ́n ti dáyé.

Ṣíìnì kẹta ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Obìnrin kan ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn láàárín. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi há abíyá. Ó yọ́ ẹsẹ̀ kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kọjá ibẹ̀ tán, ó sọ bàtà sílẹ̀, ó tì í bọ ẹsẹ̀, ó wá ń rìn bí ẹni tó ń lọ sí yàrá rẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú pariwo pé, “Owó ilé ló jẹ!”

Wo gbogbo ohun tí ìyá yẹn ti mọ̀. Ó mọ̀ pé obìnrin náà jẹ gbèsè, ó mọ yàrá tí onílé wà, ó mọ̀ pé onílé ò tíì sùn. Ó mọ̀ pé kì í ṣe òní ló ti ń ṣe é, torí ó mọ ibi tó yẹ kó ti bọ́ bàtà àti ibi tó yẹ kó ti wọ̀ ọ́ padà. Ó tún mọ̀ pé obìnrin náà ní ìtìjú, torí ẹni tí ò ní ìtìjú, á kàn kọjá ni. Ilé àti ìwà wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láàárín àkókò tí èèyàn fi lè ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run. Mo sáré gba ilé lọ lóru ọjọ́ náà pé kí n gbé ṣíìnì kẹta wá síwájú. Olówó eré ti kó síídì fún àwọn tó ń tà á. Títí dòní ló máa ń dùn mí.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé èèyàn kì í fi ibi hàn ná kó tó wá fi ẹni tó wà níbẹ̀ hàn, bí ẹni tó ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ de àlejò. Ibi tí ẹni náà wà ló gbọ́dọ̀ máa bá a fa nǹkan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ń bá obìnrin yẹn fà á.

Wá fíìmù kan wò fún mi, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan. *Rear Window* ni wọ́n ń pè é, Alfred Hitchcock ló ṣe é ní 1954. Kámẹ́rà kọ́kọ́ yí àgbàlá ilé kan ká, a rí fèrèsé lónírúurú, a rí àwọn èèyàn tó ń jí. Ó wá bá ọkùnrin kan tó sùn lọ, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. A rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru, ó ti lé ní 90 lórí ìwọ̀n Fahrenheit. A rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti fi P.O.P. dì. Kámẹ́rà ò dúró: kámẹ́rà kan tó ti fọ́ yángá rèé lórí tábìlì. Fọ́tò kan rèé lára ògiri, ọkọ̀ ìdíje tó ń dànù, táyà rẹ̀ kan sì ń fò bọ̀ gan-an wá síbi tí ẹni tó ya fọ́tò dúró sí. Kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ ohunkóhun nípa ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n a ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, a mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kán, a mọ̀ pé ẹni tí kì í sá fún ewu ni, a sì mọ̀ pé kò lè kúrò nínú yàrá náà.

Ooru yẹn gan-an ni kó o ronú sí, àbúrò. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ sọ fún wa pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ooru ló jẹ́ kí gbogbo ilé ṣí fèrèsé sílẹ̀, fèrèsé tó ṣí ló jẹ́ kí ọkùnrin tí kò lè rìn yìí rí nǹkan wò. Bí ooru ò bá mú, fíìmù ò sí.

Tiwa náà ń bẹ. Túndé Kèlání, ẹni tó dàgbà nílùú wa yìí, fi májẹ̀mú àárín ọba àti ìlú Jogbo bẹ̀rẹ̀ *Saworoidẹ* ní 1999. Adé, ìlù, gbẹ́rẹ́: a ti mọ bí wọ́n ṣe so mọ́ra. Torí náà, nígbà tí Lápité, ẹni tó fẹ́ jọba, ní òun ò gba gbẹ́rẹ́, àyà wa já láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣàlàyé. Òfin ìlú ni ibùdó fíìmù yẹn, ju ààfin àti igbó lọ.

Tìrẹ wá dà? Ìyá rẹ ń fi nǹkan pa mọ́. Kí ló ń ṣe láàárọ̀ kí wọ́n má baà mọ̀? Nǹkan kan péré ni kó o wá, kó jẹ́ ohun tó ń fọwọ́ ṣe. Lọ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Orín rírìn yẹn, yọ ọ́, gbogbo èèyàn ló ń rin orín. Mo sì ń dá a lábàá pé kó o jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ìró kí a tó rí àwòrán. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú, etí ló fi ń mọ ibi tí òun wà. Jẹ́ kí ojú fíìmù dúdú, ká máa gbọ́ igi tí wọ́n fi ń lu aṣọ ní Ìtọ́kú, gbì, gbì, gbì. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá gbọ́ ọ ti délé nìyẹn, kò sì ná ọ ní owó dróònù.

Èdítà Orí Fóònù:

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ṣùgbọ́n kí arákùnrin má gbàgbé pé orí fóònù ni wọ́n ti máa wò ó, nínú ọkọ̀, nídìí iṣẹ́. Tí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀ kíákíá, ìka wọn á ti yí i kọjá. Èmi á fi ìjà bẹ̀rẹ̀: oníbàárà wọlé, ó ń pariwo pé wọ́n ba aṣọ òun jẹ́. Lẹ́yìn náà ká padà sẹ́yìn.

Nípa dróònù, mi ò rò pé kí a lé e dànù pátápátá. Kó kàn má jẹ́ pé òun ni yóò ṣí ilẹ̀kùn.

Bàbá Kámẹ́rà, Láfẹ́ńwá:

Òótọ́ lo sọ nípa ìka, ọmọ mi obìnrin. Ṣùgbọ́n ariwo tí a ò mọ ẹni tó ni ín, ariwo àdúgbò ni. O ń gbọ́ irú rẹ̀ lójoojúmọ́ láti ojú fèrèsé rẹ, o kì í sì í jáde. Ọjọ́ tó bá jẹ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ lo gbọ́ láàárín wọn lo máa ń sáré. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìyá yìí fún ìṣẹ́jú kan, kí oníbàárà náà tó dé.

Ìyá Oníkàmpálà:

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ọmọ mi ọkùnrin ló ka ọ̀rọ̀ rẹ sí mi létí, òun náà ló ń bá mi tẹ èyí. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá rẹ àgbà sí afẹ́fẹ́ rere.

Láti kékeré ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ìyá mi ló kọ́ mi, ewé èlú ni wọ́n sì fi ń pa tiwọn. Èmi ń lo kẹ́míkà báyìí, èyí tí a ń po kọ́sítíìkì mọ́, torí òun ló yá. Kó o tó fún aró èlú, o ti lo bí ọ̀sẹ̀ kan lórí omi eérú àti ewé rẹ̀ nínú ìkòkò. Tó o bá fẹ́ ya fíìmù, kọ́kọ́ mọ èwo ni ìyá rẹ ń lò. Ìyá tó ń lo kẹ́míkà máa ń wọ rọ́bà sọ́wọ́, èéfín rẹ̀ sì máa ń ta ojú. Ìyá tó ń lo èlú, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, èékánná rẹ̀ ò sì í funfun mọ́, bó fọ̀ ọ́ títí. Má jẹ́ kí òṣèré rẹ fi ọwọ́ mímọ́ tóní jókòó ti ìkòkò aró. A máa mọ̀, a ò sì ní gba ìyókù gbọ́.

Èmi á sọ pé kó jẹ́ èlú. Nǹkan kan wà nídìí rẹ̀ tí kò sú mi rí láti ọmọdé. Tó o bá fa aṣọ yọ nínú aró, kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, bí ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló máa ń yí padà. O máa rí i tí dúdú ń ti etí aṣọ rìn bọ̀ sáàárín, ibi tó ká sí ń pẹ́ kó tó yí. Ibẹ̀ la máa ń wò, ká lè mọ̀ bóyá ó ti gbà tó tàbí ká tún rì í. Ẹni tí kò bá rí ìyẹn mọ́, ọmọ mi, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi tó bá ní ọgbọ́n mìíràn.

Àmọ́ ìka lè mọ ohun púpọ̀. Mo lè di ojú mi báyìí kí n sọ aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi fún ọ. Oníko ní kókó róbótó tí wọ́n fi ìko dì. Alábẹ́rẹ́ wà bí ilà, ó ká jọ ṣíṣùṣíṣù níbi tí okùn gbà kọjá. Ẹlẹ́kọ le gbagidi, láfún tó ti gbẹ ló wà lára rẹ̀, láfún kan náà tí a fi ń ṣe oúnjẹ, ìyẹ́ adìẹ la fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ. Ìka ìyá rẹ lè máa ríran fún un. Ohun tí ìka ò lè mọ̀ ni àwọ̀.

O tún béèrè bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé Abẹ́òkúta ni. Àpáta ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Níbo mìíràn ni èèyàn ti ń jí tó ń sá aṣọ sórí òkúta tó tóbi ju ilé rẹ̀ lọ?

Ọ̀kan ṣì kù. Bí ẹ bá fẹ́ fi “Agbe ló laró, kì í ráhùn aró” sí i lẹ́nu nídìí ìkòkò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sí i. Ibi ìkómọ àti ìgbéyàwó ni mo ti ń gbọ́ ọ. Nídìí ìkòkò, iye aṣọ là ń kà.

Ọmọ Ìtọ́kú:

Màámi, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n èdítà, mo gbọ́ tiyín náà.

Agbe ló laró wà nínú ìwé mi lóòótọ́, lójú ewé kejì. Mo ti pa á rẹ́. Oru àná ni mo jókòó tí mo tún gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ náà kọ. Ẹ bá mi wò ó:

Ojú fíìmù dúdú. A ń gbọ́ igi tó ń lu aṣọ, ó jìnnà díẹ̀. A gbọ́ omi tó ń kán. A rí ọwọ́ méjì tó dúdú dé ìgúnpá, wọ́n ń rìn lórí aṣọ tí wọ́n tò sórí àpáta. Ọwọ́ fọwọ́ kan kókó oníko, ó kọjá. Ó fọwọ́ kan alábẹ́rẹ́, ó dúró, ó mú un. A ò tíì rí ojú ìyá. Ó ri aṣọ sínú ìkòkò, ètè rẹ̀ ń ka nǹkan. Ó fà á yọ, aṣọ náà tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, ó na án sókè síwájú ara rẹ̀. Àwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú wa. Ìyá ò wò ó. Ẹ̀gbẹ́ ibòmíràn ló kọjú sí, sí apá ibi tí ìró ẹsẹ̀ ọmọ ti ń bọ̀.

Ọmọ náà dúró. Ìyá bi í, bí ẹni tó ń dán an wò nínú iṣẹ́, “Ìwọ náà wò ó. Ó ti gbà àbí kò tíì gbà?”

Ọmọ náà wo aṣọ. Lẹ́yìn náà ó wo ojú ìyá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn pé, “Ó kù díẹ̀ lápá òsì, Ìyá.” Ìyá sì tún un rì, bí ẹni pé òun náà ti rí i tẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ni oníbàárà kan ilẹ̀kùn.

Mo rò pé bí mo ṣe dákẹ́ sí ìyá mi àgbà lọ́jọ́ owó búrẹ́dì yẹn ló wà nínú bí ọmọ náà ṣe pẹ́ kó tó dáhùn. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa wọlé sí. Ṣé ìṣẹ́jú méjì ò ti pọ̀ jù fún un?

Bàbá Kámẹ́rà, Láfẹ́ńwá:

Kò pọ̀ jù. Ojú ọmọ yẹn ni kó o dúró lé, má tètè gé e. Kámẹ́rà rẹ, jẹ́ kó ga tó ọmọ náà, má yà á láti òkè. Láàárọ̀ ni kó o yà á, kó tó di aago mẹ́sàn-án, tí oòrùn ṣì ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ ewé yẹn ò ní hàn dáadáa tí oòrùn bá ti dé àtàrí. Aṣọ tó bá sì ti yí padà lẹ́ẹ̀kan ò ní padà sí funfun mọ́, torí náà, wá aṣọ tó tó márùn-ún tàbí mẹ́fà dání.

Ìyá Oníkàmpálà:

“Ó kù díẹ̀ lápá òsì.” Bí a ṣe ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Ìkòkò ìyá mi ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ti pẹ́ tí mo ti lò ó kẹ́yìn. Màá wá èlú, màá po aró náà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wá. Mú òṣèré rẹ wá kó tó dọjọ́ náà, kó wá fi ọjọ́ mẹ́ta ri aṣọ lọ́dọ̀ mi, kí ọwọ́ rẹ̀ lè dúdú dáadáa. Sọ fún un kó má wọ aṣọ funfun o.